"Thou": Ọ̀wọ̀ ni àbí àbùkù?

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ni "thou", nítorí pé inú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611 ni a ti mọ̀ ọ́n, níbi tí a ti fi ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. "Ìwọ" gan-an ni.

Ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, iye ènìyàn nìkan ni ó ń fi hàn: "þū" fún ẹnì kan, "gē" fún ọ̀pọ̀. Láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹtàlá ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń fara wé àwọn Faransé, tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ọlọ́pọ̀ bá ẹni ńlá sọ̀rọ̀, bí àwa náà ti ń fi "ẹ̀yin" bá àgbà sọ̀rọ̀. "Thou" wá di ti ọmọdé, ti ìránṣẹ́, ti ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́, àti ti èébú. Níbi ẹjọ́ Walter Raleigh ní 1603, ṣe ni Edward Coke, agbẹjọ́rò ọba, mọ̀ọ́mọ̀ fi "thou" pè é láti tàbùkù rẹ̀.

Ní àárín ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, George Fox àti àwọn Quaker ń pe gbogbo ènìyàn ní "thou", títí kan adájọ́. Wọ́n jẹgba nítorí rẹ̀. (Ẹ wo ọmọ tí yóò pe baálẹ̀ ní "ìwọ"!)

Nígbẹ̀yìn, "you" gba ipò méjèèjì lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nínú Bíbélì Yorùbá tí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ parí ní 1884, "Ìwọ" ni Ọlọ́run ń jẹ́ nínú àdúrà. Ọmọ tí kò jẹ́ pe bàbá rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń pe Ẹlẹ́dàá rẹ̀ bẹ́ẹ̀ láràárọ̀.