Ewì Tó Le àti Ẹ̀tọ́ Òǹkàwé

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ àti ẹ̀yin òbí wa, bí a bá fi ìwé ewì òde òní lé ọ̀pọ̀ ọmọ wa lọ́wọ́ ní Ẹ̀gbẹ̀ àti káàkiri ilẹ̀ Okun, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé, "Kò yé wa." Lẹ́yìn náà, wọn a pa ìwé dé. A kò bá wọn wí pé kò yé wọn. Pípa ìwé dé yẹn ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé òǹkàwé tó béèrè, tó sì sọ ìdí rẹ̀, ti ṣe ewì láǹfààní púpọ̀ nínú ìtàn.

Ẹ jẹ́ kí a wo Idanre and Other Poems, ìwé ewì tí Wọlé Ṣóyínká tẹ̀ jáde ní 1967. Ọdún 1965 ni ó ti kọ ewì gígùn tó fún ìwé náà lórúkọ. Ìtàn Ògún ni: bí ó ṣe mu ẹmu yó, tó sì pa àwọn ènìyàn ara rẹ̀ lójú ogun. Èdè rẹ̀ le gan-an, àní akéwì fúnra rẹ̀ ní láti fi àlàyé sí ẹ̀yìn ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún 1966 dé, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í pa ara wọn, ẹni tó fara balẹ̀ ka ewì náà rí ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Síbẹ̀, àwọn òǹkàwé kan kò gbà. Ní 1974 àti 1975, nínú ìwé àtìgbàdégbà Okike tí Chinua Achebe dá sílẹ̀, Chinweizu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì kọ̀wé pé Ṣóyínká, Christopher Okigbo àti J. P. Clark ń sín àwọn Òyìnbó jẹ, wọ́n sì ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ará ilé. Okigbo ti kú sójú ogun ní 1967, kò lè fèsì. Ṣóyínká fèsì ní 1975, èsì náà sì gbóná. Ní 1983, Níyì Ọ̀ṣúndáre, ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, tẹ Songs of the Marketplace jáde, ó ní ewì kì í ṣe ti ọ̀mọ̀wé nìkan. Ní 1986, Ṣóyínká gba Ẹ̀bùn Nobel. Ní ọdún yẹn kan náà, Ọ̀ṣúndáre gba ẹ̀bùn ewì Commonwealth. Ọ̀nà méjèèjì ló gbé akéwì débi iyì.

Ìjà yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láàárín àwọn Lárúbáwá, ní nǹkan bí 1,200 ọdún sẹ́yìn, wọ́n bi Abu Tammam pé kí ló dé tí kì í sọ ohun tó lè yé ènìyàn. Òun náà bi wọ́n pé kí ló dé tí ohun tí a sọ kì í yé wọn. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, as-Suli kọ ìwé láti gbèjà rẹ̀; al-Amidi náà kọ ìwé tó fi í wé akéwì al-Buhturi. Ìbéèrè òǹkàwé ló bí ìmọ̀ yìí.

Àwọn kan á ní ìtàn Ògún kò yẹ Mùsùlùmí. Ẹ rántí pé àwọn onímọ̀ wa tọ́jú ewì ìgbà Jàhílíyyà, wọ́n sì fi ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ inú Àlùkùránì. Kíkà kì í ṣe bíbọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí wa. Pius Adésanmí, ọmọ Ìsánlú, tí ó kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ní 2019, kàwé ní Titcombe College ní Ẹ̀gbẹ̀ níbí. Ó tẹ ìwé ewì rẹ̀, The Wayfarer and Other Poems, jáde ní 2001.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ewì bá le, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ bi àgbà. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Bí ó bá le síbẹ̀, ẹ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, ṣùgbọ́n akéwì tí kò sọ tó àbọ̀, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti bi í léèrè ìyókù.