NEST360

NEST360 jẹ́ àjọṣe àwọn yunifásítì, àjọ ìlera àti àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ tí ń fi owó ìtọrẹ-àánú pèsè irinṣẹ́ ìtọ́jú ọmọ tuntun fún àwọn ilé-ìwòsàn ní Áfíríkà. Orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, Málàwì, Nàìjíríà àti Tànsáníà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2019. Ète rẹ̀ ni láti dín ikú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọjọ́ 28 kù.

Ìpìlẹ̀

Yunifásítì Rice ní ìlú Houston, ní Amẹ́ríkà, ni iṣẹ́ náà ti ṣẹ̀ wá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ lo ẹ̀rọ tí a fi ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi ẹja ọ̀sìn láti ṣe àwòṣe àkọ́kọ́ Pumani, orúkọ tí ó túmọ̀ sí “mí pẹ̀lú ìrọ̀rùn” ní èdè Chichewa. Pumani jẹ́ ẹ̀rọ bubble CPAP: ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba imú ọmọ wọlé, kí àwọn àpò afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ má baà lẹ̀ pọ̀. Àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé ni ó wúlò fún jù lọ. Wọ́n dán an wò ní Queen Elizabeth Central Hospital ní Blantyre, ní Málàwì. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2014, ọmọ 44 ni ó yè nínú 62 tí wọ́n fi bubble CPAP tọ́jú. Nínú ọmọ 25 tí wọ́n fún ní ọ́síjìn lásán, 11 ni ó yè.

Owó ìtọrẹ

Ní 2017, iṣẹ́ náà dé ìpele àṣekágbá ìdíje 100&Change ti MacArthur Foundation. Ẹ̀bùn mílíọ̀nù 100 dọ́là bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n wọ́n fún un ní mílíọ̀nù 15 dọ́là. Ní 2019, àwọn àjọ bíi Bill & Melinda Gates Foundation àti ELMA Philanthropies dara pọ̀ mọ́ MacArthur; àpapọ̀ owó tí wọ́n ṣèlérí jẹ́ mílíọ̀nù 68 dọ́là.

Ìtọ́jú irinṣẹ́

Ríra ẹ̀rọ nìkan kọ́ ni owó náà wà fún. Ooru, eruku àti iná mànàmáná tí kò dúró déédéé a máa tètè ba ẹ̀rọ tí a fi tọrẹ jẹ́. Bí kò bá sì sí ohun ìpààrọ̀ tàbí ẹni tí ó lè tún un ṣe, á di ẹrù igun yàrá. Nítorí náà, NEST360 ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà ní ìlò irinṣẹ́, ó sì ń kọ́ àwọn oníṣẹ́-ẹ̀rọ ilé-ìwòsàn ní àtúnṣe rẹ̀. Yàtọ̀ sí Pumani, lára àwọn irinṣẹ́ náà ni ẹ̀rọ tí ń yọ ọ́síjìn láti inú afẹ́fẹ́, iná aláwọ̀ búlúù fún ibà pọ́njú, àti ohun tí ń mú ara ọmọ móoru.

Àfojúsùn àgbáyé ni pé, tí yóò bá fi di 2030, ikú ọmọ tuntun kò ní ju 12 lọ nínú 1,000 ọmọ tí a bí láàyè ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan.