Sójà Ìdúmọ̀tà àti Ẹnìkejì Rẹ̀

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní lọ́dọọdún ni orílẹ̀-èdè wa ń ṣe ìrántí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tí ó ti kú. Ní ìgbà ìjọba àwọn Òyìnbó, ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ni a ń ṣe é, nítorí ní ọjọ́ náà ní ọdún 1918 ni Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n nígbà tí ogun abẹ́lé tiwa parí ní ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1970, a gbé ìrántí náà wá sí ọjọ́ yìí. Ọjọ́ yìí kan náà, ní ọdún 1977, ni a bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún ńlá tí a tìtorí rẹ̀ kọ́ ìlú Festac. Àwọn ọmọ ìhà méjèèjì tí ó ja ogun abẹ́lé náà ni ó ń jókòó pọ̀ nínú ilé ìsìn wa ní Festac àti ní Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin, nítorí náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni mo máa ń ka àdúrà Ọjọ́ Ìsinmi ìrántí náà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí bí Gómìnà ti ń gbé òdòdó sí ibi ìrántí, yóò la afárá kọjá lọ sí Èkó gan-an, sí Gbàgede Tafawa Balewa, níbi tí pápá eré ẹṣin wà nígbà kan rí. Níbẹ̀ ni a ti ṣe ìrántí ogun mẹ́ta pọ̀: ogun àgbáyé méjèèjì àti ogun abẹ́lé. Ṣùgbọ́n èyí tí àwọn àgbà Èkó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe èyí. Ti Ìdúmọ̀tà ni, tí ó dúró nítòsí ẹsẹ̀ afárá Carter, kí a tó mú un kúrò nígbà tí ọkọ̀ àti ọ̀nà gba ààyè rẹ̀. Sójà Ìdúmọ̀tà ni gbogbo ènìyàn ń pè é.

Orúkọ yìí ni ó mú mi kọ ìwé yìí, nítorí kò pé. Ère idẹ méjì ni ó wà níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀kan. Ọ̀kan jẹ́ jagunjagun; èkejì jẹ́ aláàárù. Mo bi bàbá àgbà kan léèrè nínú ìjọ wa pé, "Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí Èkó, kí ni ẹ rántí nípa èkejì sójà náà?" Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Àlùfáà, ẹ má bínú. Mo rò pé ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni."

Kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1914 ni àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà wọ ilẹ̀ Kamẹrúùnù, tí ó wà lábẹ́ àwọn ará Jámánì nígbà náà. A gba Duala ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, a gba Garua ní oṣù Kẹfà ọdún 1915, ṣùgbọ́n Mora kò juwọ́ sílẹ̀ títí di oṣù Kejì ọdún 1916. Ní ìparí ọdún 1916 ni a tún kó àwọn ọmọ ogun wa sínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí ìlà-oòrùn Áfíríkà, sí ilẹ̀ tí a ń pè ní Tanzania lónìí, láti bá Ọ̀gágun von Lettow-Vorbeck jà. Lẹ́bàá odò Rufiji ni òjò àti ìkún omi ti há wọn mọ́ ní ọdún 1917. Oúnjẹ tán, wọ́n ń wa gbòǹgbò jẹ. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà ni wọ́n ja ìjà Mahiwa fún ọjọ́ mẹ́rin, níbi tí ìhà tiwa ti pàdánù ju 2,000 ènìyàn lọ, òkú àti àwọn tí ó fara gbọgbẹ́.

Báwo ni ìbọn àti ọta ti dé Mahiwa? Kò sí ọ̀nà ọkọ̀ nínú igbó náà. Ẹṣin àti ìbaaka kò lè pẹ́ níbẹ̀, nítorí eṣinṣin tsetse ń pa wọ́n. Orí ènìyàn ni ó kù. Ohun gbogbo tí ogun ń lò, orí ni ó gbà kọjá: àpótí ọta, ìbọn ńlá tí a tú sí wẹ́wẹ́, àpò ìrẹsì, àwọn tí ó gbọgbẹ́ pàápàá. Bí ọ̀nà bá sì jìn, aláàárù a jẹ lára ohun tí ó rù, tí ó fi jẹ́ pé a ní láti wá aláàárù mìíràn láti ru oúnjẹ aláàárù. Púpọ̀ nínú wọn kò fínnú fíndọ̀ lọ. Àṣẹ ìjọba dé ọ̀dọ̀ ọba àti baálẹ̀, baálẹ̀ sì nawọ́ sí ọmọ ẹni tí kò ní alágbàwí. Nínú ogun ìlà-oòrùn Áfíríkà nìkan, àwọn òpìtàn ṣírò rẹ̀ pé aláàárù tí ó kú lọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lé ní 90,000. Kì í ṣe ìbọn ni ó pa èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn, bí kò ṣe ìgbẹ́ ọ̀rìn, ibà àti ebi.

Àwọn baba wa mọ ohun tí a ń ṣe fún ẹni tí ó kú sí ojú ogun. Bí a kò bá lè gbé òkú rẹ̀ wálé, a ó gé irun rẹ̀ àti èékánná rẹ̀, a ó mú un wá fún àwọn ẹbí, wọn yóò sì sin ín bí ẹni pé òkú náà ni. Ẹ̀tà ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, a kọ́ wa pé àṣà àwọn Òyìnbó ni ibojì òfìfo tí a ń kọ́ fún ẹni tí òkú rẹ̀ wà níbòmíràn. Mo gbà pé orúkọ rẹ̀ jẹ́ tiwọn; ìtumọ̀ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí Yorùbá kankan. Ṣùgbọ́n ẹ̀tà ní orúkọ. Ẹni tí ó gbé e wá mọ ẹni tí ó ni ín, ó sì mọ agbo ilé tí yóò gbé e lọ. Ta ni ó gbé ẹ̀tà aláàárù bọ̀ láti Rufiji?

Ní ìlà-oòrùn Áfíríkà pẹ̀lú a da ère idẹ. Oníṣọ̀nà kan tí ń jẹ́ James Alexander Stevenson ni ó ṣe ti Dar es Salaam àti ti Nairobi, a sì gbé wọn ró ní nǹkan bí ọdún 1927 sí 1928. Jagunjagun kan ṣoṣo ni ó wà ní Dar es Salaam. Ní Nairobi aláàárù wà láàrin àwọn mẹ́ta. Rudyard Kipling ni ó kọ ọ̀rọ̀ tí ó wà lára ti Nairobi, ó sì ṣe ìlérí fún ẹni tí ó bá kú fún ilẹ̀ rẹ̀ pé àwọn ọmọ rẹ̀ yóò rántí orúkọ rẹ̀. Ìlérí dídùn ni, ṣùgbọ́n a kò kọ orúkọ aláàárù kan sí i. Síbẹ̀ ahọ́n àwọn ará ibẹ̀ ṣe ohun tí ahọ́n Èkó kò ṣe. Agbègbè tí ibùdó ẹgbẹ́ aláàárù wà ní Dar es Salaam di Kariakoo, ti Nairobi di Kariokor, láti inú orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ẹgbẹ́ náà. Ọjà ńlá ni wọ́n lónìí. Obìnrin tí ń ra tòmátì níbẹ̀ ń dárúkọ àwọn aláàárù lójoojúmọ́, bí kò tilẹ̀ mọ̀.

Nínú ogun kejì, àwọn ológun fúnra wọn jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀ka ogun 82 ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tí ó bá wọn gba Myohaung ní ilẹ̀ Bọ́mà ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1945, fi ọ̀kọ̀ méjì tí ó dábùú ara wọn ṣe àmì sí apá aṣọ. Inú òṣùká ni ọ̀kọ̀ méjèèjì gbà kọjá. Òṣùká, ohun tí ìyá wa ń ká sábẹ́ ìkòkò omi! Nínú gbogbo àmì ogun tí mo tíì rí, n kò rí èyí tí ó sọ òtítọ́ tó o.

Ère Ìdúmọ̀tà méjèèjì wà ní Àbújá báyìí, ní itẹ́ òkú àwọn ológun.  Ó di oṣù Kẹrin ọdún 2021 kí àjọ tí ń tọ́jú ibojì ogun fún àwọn orílẹ̀-èdè Kọ́mọ́ńwẹ́ẹ̀tì tó jẹ́wọ́ ní gbangba pé, ó kéré tán, 116,000 ènìyàn tí ó kú nítorí ogun kìn-ín-ní, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ará Áfíríkà, ni a kò kọ orúkọ wọn síbì kankan, tàbí tí a kò ṣe ìrántí fún rárá. Wọ́n ní iye náà lè tó 350,000. Wọ́n tọrọ àforíjì. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025 ni wọ́n ṣí ibi ìrántí tuntun ní Cape Town fún àwọn ọmọ Gúúsù Áfíríkà adúláwọ̀ tí ó ṣiṣẹ́ ẹrù àti iṣẹ́ ọwọ́ nínú ogun náà. Wọn kò da ère kankan. Òpó igi ni wọ́n rì mọ́lẹ̀, ó lé ní 1,700, òpó kan fún ẹnì kan, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó kú. Igi ìrókò ni.