Òfin Ogun Lójú Ọpọ́n Ayò

Ọmọ 48 ni wọ́n fi ń ta ayò ọlọ́pọ́n. Ojúlé 12 ló wà lójú ọpọ́n, mẹ́fà tèmi, mẹ́fà tìrẹ, ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó ń jiyàn lórí ìyẹn. Ibi tí ogun bá ti gbóná ni òfin ti ń di ohun tí ẹnu ń túmọ̀.

Ní Ìlobùú, níbi tí wọ́n ti ń bọ Erinlẹ̀, àti ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, ìlú Olúfọ́n, abẹ́ igi àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ilé ẹjọ́ ayò, bó ṣe rí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀ta ni ẹni tó mọ̀ ọ́n ta, òpè ni ẹni tí wọ́n ń nà lójoojúmọ́. Àwọn òǹwòran tó yí wọn ká kì í dákẹ́. Wọ́n ń fi òpè ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń ka ọmọ pẹ̀lú ojú, àwọn náà ló sì ń dájọ́. Bí odù ẹnìkan bá kún, tí ọmọ inú ojúlé kan tó 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ fo ojúlé tó ti bù ú bó bá ta á yí ọpọ́n ká. Ẹni tó bá gbàgbé, kí ọmọ náà tó balẹ̀ ni ariwo ti máa sọ.

Ẹ jẹ́ kí n gbé ẹjọ́ tó le jù wá. Ká ní ojúlé méjì péré ló kù tí ọ̀rẹ́ mi ní ọmọ sí, àwọn méjì tó tẹ̀ lé ojúlé mi tó kángun sápá ọ̀tún: ọmọ kan nínú àkọ́kọ́, méjì nínú ìkejì. Ọmọ méjì ló wà nínú ojúlé tèmi yẹn. Mo bù ú, mo ta á. Àkọ́kọ́ di méjì, ìkejì di mẹ́ta. Méjì tàbí mẹ́ta sì ni ayò ń jẹ. Mo jẹ mẹ́ta, mo padà sẹ́yìn, mo jẹ méjì. Ọmọ márùn-ún bọ́ sí mi lọ́wọ́, ọ̀rẹ́ mi ò sì ní ẹyọ kan tó lè ta mọ́.

Ṣé mo ta ire ni, àbí mo rú òfin? Àwọn kan ní n kò gbọdọ̀ ta á rárá. Àwọn kan ní mo lè ta á, ṣùgbọ́n n kò ní jẹ nǹkan kan. Àwọn mìíràn ní kí n jẹ ẹ́, kí ayò parí síbẹ̀. Ẹ̀yìn àwọn ìkejì ni mo wà. Ọ̀pọ̀ ọ̀tayò ló gbà pé bí ebi bá pa iwájú ọ̀tá ẹni, dandan ni kí á ta ọmọ sí i bí ó bá ṣeé ṣe. Òfin tó ní kí n bọ́ ọ kò lè fún mi láyè láti gbọ́n abọ́ rẹ̀ gbẹ.

Ó pẹ́ kí ìwé tó dé bá ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1894, Stewart Culin ará Amẹ́ríkà kọ nípa irú eré yìí, ó sì pè é ní eré orílẹ̀-èdè fún gbogbo Áfíríkà. Òkun tó gbé orúkọ Òrìṣà Olúfọ́n dé Brazil, tí wọ́n ń pè é ní Oxalufã, ló gbé ọpọ́n kọjá pẹ̀lú: ní 1929, Melville Herskovits kọ nípa adjiboto, irú ayò kan tí àwọn ọmọ Áfíríkà ń ta nínú igbó Suriname. Warri ni wọ́n ń pe ayò ní Antigua. Kò sẹ́ni tó kó ìwé òfin wọnú ọkọ̀ ẹrú. Inú orí ni wọ́n gbé e sí.

Ní 1977, A. O. Odeleye tẹ ìwé lórí ayò jáde n'Íbàdàn. Lọ́dún yẹn gan-an ni Marc Miller gbé Traveller jáde ní Amẹ́ríkà, eré orí tábìlì tí wọ́n ń fi dáìsì àti bébà jà nínú ọkọ̀ tó ń rin àárín ìràwọ̀. Nínú òfin rẹ̀, ọkọ̀ tó ti ń sáré kì í ṣàdédé dúró, àfi bí ẹ́ńjìnnì bá tì í sẹ́yìn. Gbogbo rẹ̀ wà lákọsílẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ṣì ní láti fi ẹnìkan ṣe rẹfirí tí yóò túmọ̀ rẹ̀. Àwọn tó ń ta ayò ní Ìlobùú á mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Ní 2002, John Romein àti Henri Bal ní Amsterdam kó ìṣirò ayò lé kọ̀ǹpútà lọ́wọ́. Wọ́n lo 144 ọpọlọ kọ̀ǹpútà fún wákàtí 51, wọ́n yẹ ìrísí ọpọ́n 889,063,398,406 wò. Èsì rẹ̀ ni pé bí ọ̀ta méjì kò bá ṣàṣìṣe, ọ̀mì ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò mọ àríyànjiyàn. Wọ́n ní láti kọ́kọ́ mú ìtumọ̀ kan ṣoṣo fún un kó tó ka ọmọ kan.

Àwọn ọ̀tayò àgbà náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí àlejò bá jókòó síwájú wọn. Kí ọmọ tó wọ ojúlé, wọ́n á bi í pé: "Nílé yín, bí mo bá jẹ gbogbo tìrẹ tán ńkọ́?"