Tíṣà Láíbìrì: Iṣẹ́ Méjì, Owó Oṣù Kan

Ní 1859, ọdún tí míṣọ́nnárì Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ìròyìn tó ń jẹ́ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta, ni ìjọ CMS dá ilé-ẹ̀kọ́ girama àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Èkó. Ìwé ò pọ̀ nígbà náà. Inú ọkọ̀ ojú omi ló ti ń bọ̀ láti ìlú òyìnbó, ọwọ́ tíṣà ló sì ń parí sí. Tíṣà ló ń tọ́jú rẹ̀, òun ló ń yá ọmọ, òun náà ló ń bá ọmọ wí bí ó bá fà á ya. Kò sẹ́ni tó kà á sí iṣẹ́ ọ̀tọ̀. Ó ti lé ní ọgọ́jọ ọdún báyìí. Yàrá ìkàwé ti dé, òfin ti dé, ẹgbẹ́ ti dé, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wa, orí tíṣà tí ó ti ru ẹrù tirẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà la ṣì ń gbé iṣẹ́ yìí lé.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn míṣọ́nnárì ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di àṣà. St. Andrew's ní Ọ̀yọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1896, ń kọ́ tíṣà tí yóò mọ gbogbo nǹkan ṣe: kí ó kọ́ọ̀yàn, kí ó ṣe ìsìn, kí ó lu dùùrù. Fágúnwà fúnra rẹ̀, tíṣà ni ní Ọ̀yọ́ nígbà tí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ jáde ní 1938. King's College l'Ékòó (1909) àti Government College Ìbàdàn (1929) rí jájẹ jù. Ilé-ìwé ìjọba ni wọ́n, ìwé wà ńbẹ̀. Nírú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀, tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà máa ń ní kó mójú tó láíbìrì, púrífẹ́ẹ̀tì kan á sì máa ràn án lọ́wọ́.

Ní 1953, UNESCO pe àpérò lórí ilé-ìkàwé ní Áfíríkà sí Ìbàdàn. Ọdún kejì ni àwọn òṣìṣẹ́ láíbìrì Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilé-ìkàwé aráàlú ló jẹ wọ́n lógún jù, ti ilé-ìwé kò fi bẹ́ẹ̀ gbérí. Ìgbà náà gan-an sì ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ dé, ní oṣù kìíní 1955. Àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí kò tó 500,000 ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà lé ní 800,000 láàárín ọdún kan. Ta ló fẹ́ sọ̀rọ̀ láíbìrì nígbà tí àga ò tó? N kò dá wọn lẹ́bi. Ìyẹn náà ò ní kí á má sọ ọ́ pé ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ yàrá ìkàwé kọ́kọ́ di "tó bá yá".

Àwọn tí kò ṣe iṣẹ́ yìí rí rò pé ìjókòó ni. Ẹ jẹ́ ká mú ìwé kan ṣoṣo. Tíṣà á kọ orúkọ rẹ̀ sínú rẹ́jísítà ńlá, á fún un ní nọ́ńbà, á tẹ òǹtẹ̀ ilé-ìwé sí ojú ewé àkọ́kọ́, á tún tẹ̀ ẹ́ sí ojú ewé kan nínú tí olè kò ní ronú láti ya. Á lẹ ìwé pélébé tí wọ́n ń kọ ọjọ́ ìdápadà sí mọ́ ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ni yóò wá nọ́ńbà tí yóò kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé náà nínú ètò tí Melvil Dewey gbé jáde l'Ámẹ́ríkà ní 1876. Lítíréṣọ̀ Yorùbá wà ní 896.333, ìtàn Nàìjíríà wà ní 966.9. Ẹ̀sìn ni kí ẹ wò: ìwé Kristẹni gba láti 220 dé 280 ó lé, ti Ifá wá há sí 299.6, níbi tí gbogbo ẹ̀sìn ìbílẹ̀ àwa aláwọ̀ dúdú Áfíríkà ti ń fún ara wọn mọ́. Tíṣà tó ń kọ nọ́ńbà yìí lè jẹ́ ọmọ babaláwo. Ìwé kan nìyẹn o, lẹ́yìn tó ti kọ́ kíláàsì mẹ́ta láàárọ̀, tí ìwé àmúṣe ọmọ ṣì ń dúró dè é lórí tábìlì.

Ní 1960 ni ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ láíbìrì bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn pẹ̀lú owó Carnegie ti Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni Felicia Adetowun Ogunsheye ti ṣiṣẹ́, obìnrin àkọ́kọ́ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Nàìjíríà. Òun, lójú tèmi, ló kọ́kọ́ wo tíṣà láíbìrì gẹ́gẹ́ bí ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́. Ní 1973 ó dá ibùdó ìwé àwọn ọmọdé sílẹ̀ ní Abadínà, nínú ọgbà yunifásítì náà, kí àwọn aráàlú lè fojú rí bí láíbìrì ilé-ìwé ṣe yẹ kó rí. Ní 1977 ẹgbẹ́ láíbìrì ilé-ìwé Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀. Ọdún yẹn náà ni ìlànà ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ jáde. Ó pàṣẹ láíbìrì fún ilé-ìwé. Àṣẹ dára, ṣùgbọ́n kò dín píríọ́dù tíṣà kankan kù.

Ọ̀rọ̀ wá bàjẹ́ kíákíá. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè ti dé láti 1976. Ní 1979, àwọn gómìnà ẹgbẹ́ òṣèlú UPN, Jákàǹdè l'Ékòó, Bọ́lá Ìgè n'Íbàdàn àti àwọn yòókù, ṣí ilẹ̀kùn girama fún tẹrútọmọ. Ohun tó yẹ ní ṣíṣe ni. Àmọ́ ọmọ pọ̀ ju yàrá lọ, níbi púpọ̀, láíbìrì ni wọ́n kọ́kọ́ sọ di kíláàsì, wọ́n kó ìwé sínú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n tì í. Ikán mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP ti 1986 wá gbá náírà wálẹ̀, ìwé tó ń ti òkè òkun wá sì di ohun tí ọ̀gá ilé-ìwé ń wò láti òkèèrè.

Lónìí, tíṣà láíbìrì ń jẹ́ ti ìdílé méjì. Àjọ tó ń forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ ti wà láti 1993, ti àwọn òṣìṣẹ́ láíbìrì láti 1995, àwọn méjèèjì sì ń retí owó ìforúkọsílẹ̀. Bí ìgbéga bá dé, kíláàsì tó ń kọ́ ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka ìwé tó yá jáde. Bí ìwé bá sì sọnù, wọ́n lè ní kó san án. Ọ̀pọ̀ tíṣà ló ti fi ọgbọ́n orí dáhùn: wọ́n ti ilẹ̀kùn, ìwé ò sọnù mọ́. Ẹni tó bá ń bú wọn kò tíì gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ka iye ìwé tó kù ní òpin ọdún.

Ní 1999, IFLA, àjọ àwọn ẹgbẹ́ láíbìrì lágbàáyé, àti UNESCO kéde pé ẹni tó kọ́ṣẹ́ láíbìrì ló yẹ kó máa bójú tó o ní ilé-ìwé. Ní 2013, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun pín Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ fún àwọn ọmọ girama, ìwé ẹ̀kọ́ nínú ẹ̀rọ tó ṣeé gbé lọ́wọ́. Bí iná bá lọ, tàbí ojú ẹ̀rọ fọ́, tíṣà náà ni ọmọ máa gbé e wá bá. Ohun tí èmi ì bá tọrọ lọ́wọ́ kọmíṣọ́nnà ètò ẹ̀kọ́ èyíkéyìí kò wọ́n: kí ó gba píríọ́dù díẹ̀ kúrò lọ́rùn tíṣà yìí, kí ó sì kọ ọ́ sínú táìmù-tébù pé láíbìrì ni.