Òfin Ilẹ̀ ti 1978 àti Ètò Tí A Kò Tíì Ṣe

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń rìn ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn yóò ti rí àkọlé yìí lára ògiri: "Ilé yìí kì í ṣe títà." Àlejò tí kò mọ̀lú lè rò pé eré ni. Kì í ṣe eré o. Ẹni tí ó kọ ọ́ ti rí ẹni tí wọ́n ta ilé rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tàbí kí ó ti gbọ́ nípa rẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, láti ọdún 1978 ni a ti ní òfin ilẹ̀ kan ṣoṣo fún gbogbo Nàìjíríà, síbẹ̀ onílé ṣì ń fi ọ̀dà kọ ọ́ sára ògiri pé òun kò ta ilé òun. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dà bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ tọpa rẹ̀ níhìn-ín.

Láyé àwọn bàbá wa, ẹbí ni ó ni ilẹ̀. Olórí ẹbí kàn ń mú un dání ni, kò lè tà á bí ẹni ta àgbò. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ ní 1912 láti wádìí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Ẹlẹ́sì ti Òdogbolú ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú sọ fún wọn pé ẹbí ńlá kan ni ó ni ilẹ̀, pé púpọ̀ nínú ẹbí náà ti kú, díẹ̀ ni ó wà láàyè, àwọn tí a kò tíì bí kò sì lóǹkà. Àwọn amòfin ṣì ń tọ́ka sí ọ̀rọ̀ yìí títí di òní. Ṣùgbọ́n ohun tí wọn kì í sábà sọ ni pé àwọn àgbà wa kò dúró lórí ta ni ó ni ín nìkan, wọ́n mọ ohun tí wọn yóò fi ilẹ̀ ṣe pẹ̀lú. Oko etílé wà fún ẹ̀fọ́ àti àgbàdo, oko ẹgàn wà lọ́nà jíjìn fún iṣu àti igi owó. Ilẹ̀ tí a bá ti dá fún ọdún mélòó kan, a ó fi í sílẹ̀ kí ó sinmi, kí igbó tún bò ó, a ó sì lọ dá òmíràn. Igbó kan wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi àdá kàn, odò kan wà tí a kò gbọdọ̀ dáko létí rẹ̀. Ètò ìlò ilẹ̀ ni èyí, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé.

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ọdún 1861 ni Ọba Dòsùnmú fi ọwọ́ sí ìwé tí ó fi Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Ọkọ̀ ogun òyìnbó wà lójú ọ̀sà nígbà náà, ẹ̀yin náà mọ irú ìfọwọ́síwèé tí èyí jẹ́. Fún bí àádọ́ta ọdún, kò sí ẹni tí ó lè sọ ní pàtó bóyá ìjọba ni ọba fi lélẹ̀ tàbí ilẹ̀ gan-an. Ọ̀rọ̀ náà dé ojú rẹ̀ ní 1913, nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ ní Àpápá fún iṣẹ́ ìlú. Ilẹ̀ ìdílé Olúwa ni, ọ̀kan nínú àwọn olóyè onífìlà funfun tí wọ́n ni ilẹ̀ Èkó. Olóyè tí ó wà lórí oyè nígbà náà ni Amodu Tijani. Orúkọ rẹ̀ nìkan tó fún ẹ̀yin òǹkàwé wa láti mọ irú ilé tí wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ.

Ìjọba ní àwọn yóò san owó, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó ilẹ̀. Wọ́n ní kò sí ohun tí Olúwa ní lórí ilẹ̀ náà ju ẹ̀tọ́ láti máa gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ, nítorí náà owó ìṣákọ́lẹ̀ nìkan ni ó tọ́ sí i. Ilé-ẹjọ́ nílé níhìn-ín gbè sẹ́yìn ìjọba. Olúwa kò gbà. Ní 1920, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá a lọ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àti ògbufọ̀, pẹ̀lú ọ̀pá àṣẹ Ọba Èṣùgbàyí Elékòó lọ́wọ́. (Ọ̀rọ̀ tí Macaulay sọ níbẹ̀ nípa ọba ni ó mú kí ìjọba kọ Elékòó sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìtàn mìíràn nìyẹn.) Ní oṣù keje ọdún 1921, Ìgbìmọ̀ Adájọ́ Àgbà ti Ọba Gẹ̀ẹ́sì, tí Viscount Haldane kọ ìdájọ́ rẹ̀, dá Olúwa láre. Wọ́n ní pé ìjọba yí ọwọ́ padà kò sọ pé ilẹ̀ yí ọwọ́ padà, àti pé bí ìjọba bá gba ilẹ̀ ará ìlú, kí ó san owó ilẹ̀ náà pátápátá. Gbogbo ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní Áfíríkà ni wọ́n ti ń tọ́ka sí ẹjọ́ yìí.

Ní Òkè Ọya, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Òfin tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 1910 kó gbogbo ilẹ̀ sábẹ́ àṣẹ gómìnà láti máa bá àwọn ọmọ ìlú mú un dání, ìjọba Àríwá sì tún un ṣe ní 1962. Kí ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni ó tún padà wá bá gbogbo wa.

Ètò ìlú ní tirẹ̀, àrùn ni ó bí i. Àjàkálẹ̀ àrùn eku wọ Èkó ní 1924, ó pa ènìyàn, ìjọba sì rí i pé ilé fún mọ́ ilé jù. Ní 1928 ni wọ́n dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti tún Èkó ṣe, èyí tí wọ́n ń pè ní LEDB. Ní 1946 ni òfin ètò ìlú àti ìgbèríko jáde fún gbogbo Nàìjíríà, tí wọ́n fi ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1932 ṣe àwòṣe. Nígbà tí ó di 1955, LEDB bẹ̀rẹ̀ sí í wó àárín Èkó, bí àádọ́rin éékà, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ àwọn ará ibẹ̀ lọ sí Sùúrùlérè. Ìyá tí ń tajà níwájú ilé ní ìsàlẹ̀ Èkó kò rí oníbàárà mọ́ ní Sùúrùlérè, ẹbí tí ń jẹun nínú agbada kan náà sì fọ́n ká. Wọ́n wó ilé kíákíá, ṣùgbọ́n kíkọ́ ibẹ̀ padà fa ọ̀pọ̀ ọdún.

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, owó epo rọ̀bì dé. Ìjọba ń kọ́ títì, bárékè, yunifásítì àti iléeṣẹ́, gbogbo ibi tí wọ́n bá sì yà sí, onílẹ̀ ti dúró dè wọ́n pẹ̀lú owó gegere. Àwọn tí ó mọ̀ ṣáájú ibi tí títì yóò gbà ti lọ ra ilẹ̀ ibẹ̀ sílẹ̀. Ìjọba ológun gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ ní 1977, Adájọ́ Chike Idigbe ni alága rẹ̀. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta ọdún 1978, ìjọba Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ kéde Òfin Ìlò Ilẹ̀. Ọ̀nà Òkè Ọya ni wọ́n mú, wọ́n sì nà án dé etí òkun: gómìnà ni yóò máa bá gbogbo ọmọ Nàìjíríà mú ilẹ̀ ìpínlẹ̀ rẹ̀ dání. Ẹni tí ó ní ilẹ̀ òfìfo nínú ìgboro kò gbọdọ̀ ní ju ìdajì hẹ́kítà lọ. Ní ìgbèríko, ìjọba ìbílẹ̀ lè fún ènìyàn ní ilẹ̀ oko tó 500 hẹ́kítà, àti ti ìjẹko ẹran tó 5,000. Ẹni tí ó bá fẹ́ ta ilẹ̀ tàbí fi í dúró gbà gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ gómìnà. Lẹ́yìn èyí, wọ́n so òfin náà mọ́ Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè ti 1979, ó sì tún wà nínú ti 1999, débi pé ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin ní Àbújá àti ti ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí a tó lè yí i padà.

Orúkọ òfin náà ni Òfin Ìlò Ilẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò fúnni ní ilẹ̀ àti ẹni tí yóò gbà á ni ó kún inú rẹ̀. Ibi tí oko yóò wà, ibi tí ilé yóò wà, igbó wo ni kí a má fọwọ́ kàn, ẹsẹ̀ odò wo ni kí a má kọ́lé sí, kò sọ ọ́. Kò burú pátápátá o. Ibì kan wà nínú rẹ̀, ní abala kẹrìndínlógójì, tí ó gbà pé ilẹ̀ tí àgbẹ̀ fi sílẹ̀ kí ó sinmi gẹ́gẹ́ bí àṣà ìlú rẹ̀, ilẹ̀ oko ni a ó kà á sí. Inú wa dùn nígbà tí a kọ́kọ́ rí èyí, a ní àwọn tí ó kọ ọ́ gbọ́ ohùn àwọn bàbá wa. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí i dé abala kọkàndínlọ́gbọ̀n. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀ náà, ohun tí yóò san ni owó ilé tí ó wà lórí rẹ̀, owó irè oko tí ó wà lórí rẹ̀, àti owó ilẹ̀ tí o san fún ìjọba lọ́dún náà bí o bá san. Ilẹ̀ gan-an kò ní owó. Ilẹ̀ tí ń sinmi, tí kò sí igi koko tàbí ẹ̀gẹ́ lórí rẹ̀, kò sí ohun tí a ó kà. Ẹni tí ó tọ́jú ilẹ̀ rẹ̀ ni ó pàdánù, ẹni tí ó fi ẹ̀gẹ́ lù ú pa ni ó gba owó. Òfin náà tún ní kí ilé-ẹjọ́ má gbọ́ ẹjọ́ pé owó náà kéré. Ohun tí Olúwa wọ ọkọ̀ lọ gbà bọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1921, ìjọba tiwa fi ìkéde kan ṣoṣo gbà á padà lẹ́yìn ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta.

Ẹ má ṣe rò pé títà ilẹ̀ wá dáwọ́ dúró. Ẹbí ń tà á nìṣó, ọmọ onílẹ̀ ń gba owó ìpìlẹ̀, owó òrùlé, àjàgùngbalẹ̀ sì ń bá wọn lọ sójú ilẹ̀. Ohun tí òfin fi kún un ni pé ọ̀pọ̀ títà náà kò ní ìwé àṣẹ gómìnà. Ní 1989, nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní ilé tí a fi dúró fún báǹkì láìgba àṣẹ gómìnà, ìdúró náà kò dúró, bí ẹni tí ó yá owó náà tilẹ̀ ni ẹni tí kò gba àṣẹ. Báǹkì gbọ́n láti ọjọ́ náà: kò sí C of O, kò sí ẹ̀yáwó. Ní 1991, ilé-ẹjọ́ kan náà ní òfin 1978 kò pa ẹ̀tọ́ onílẹ̀ àti àgbàtọ́jú oko rẹ́, èyí sì já àwọn kan kulẹ̀ tí wọ́n ti rò pé ìṣákọ́lẹ̀ ti parí.

Nínú ọ̀rọ̀ mọ́sáláṣí àti ilé-kéwú ni ó ti ń dun àwa jù. Bàbá àgbà kan yóò fa ilẹ̀ kalẹ̀ fún Ọlọ́run, wàkáfù ni, gbogbo àdúgbò yóò ṣe àmín, kò ní sí ìwé. Lẹ́yìn ogójì ọdún, ọmọ-ọmọ rẹ̀ yóò mú sọ́fíyọ̀ dé. A ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ní oṣù keje ọdún 1990 ni ìjọba ológun Èkó wó Màrókò lẹ́bàá òkun. Wọ́n fún wọn ní ọjọ́ méje, iye àwọn tí ó pàdánù ilé wọn sì tó 300,000. Wọ́n ní ilẹ̀ náà rẹlẹ̀, omi ń bò ó, kò yẹ fún ibùgbé. Lónìí, ilé àwọn olówó ni ó wà níbẹ̀. Bí a bá ní ètò tí ó sọ ibi tí ó yẹ fún ilé àti ibi tí kò yẹ, tí ó sì de olówó bí ó ti de tálákà, ẹnikẹ́ni kì bá lè fi omi ṣe àwáwí.

Ìjọba gbìyànjú láti ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀. Òfin kejìdínláàádọ́rùn-ún ti 1992 ní kí ìjọba àpapọ̀ ṣe ètò fún gbogbo orílẹ̀-èdè, kí ìpínlẹ̀ ṣe tiwọn, kí ìjọba ìbílẹ̀ ṣe tiwọn, kí ọ̀kan wà lábẹ́ èkejì. Ó dára lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ìjọba Èkó àti ìjọba àpapọ̀ gbé ara wọn lọ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ, ìdájọ́ sì jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2003 pé ti ìpínlẹ̀ ni ètò ìlú, kì í ṣe ti Àbújá, àfi ní Àbújá fúnra rẹ̀. Ní ti òfin, a kò bá àwọn adájọ́ jà. Ṣùgbọ́n odò kì í dúró ní ẹnu ààlà ìpínlẹ̀. Odò Ògùn kọjá ní Abẹ́òkúta kí ó tó dé ọ̀sà Èkó, ilé tí wọ́n bá sì kọ́ sẹ́bàá rẹ̀ lókè lè dí ọ̀nà omi fún àwọn ará ìsàlẹ̀.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2009, Ààrẹ Umaru Musa Yar'Adua gbé ìgbìmọ̀ àtúnṣe ilẹ̀ kalẹ̀, ó sì fi Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje ṣe alága. Kò sí ẹni tí ó mọ ìlú àti ilẹ̀ wa jù ú lọ. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n ran àwọn ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ láti wọn ilẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tí ó ni ín sílẹ̀, títí kan ilẹ̀ oko tí kò ní ìwé rárá. Ọdún kan náà ni Ààrẹ fi àtúnṣe Òfin 1978 ránṣẹ́ sí ilé aṣòfin, kí àṣẹ gómìnà má baà tún jẹ́ dandan lórí ohun gbogbo. Ààrẹ kú ní 2010. Ọ̀jọ̀gbọ́n Mabogunje náà kú ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, òfin náà sì wà nínú Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti so ó mọ́ ọn.