Bọ́bìn wo ló bá mẹ́ṣíìnì yín mu? Ohun tó yẹ kí télọ̀ wò kó tó sanwó

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni, aṣọ ẹbí tí wọ́n máa wọ̀ láàárọ̀ Sátidé ṣì wà lórí mẹ́ṣíìnì, òwú ìsàlẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Télọ̀ pààrọ̀ abẹ́rẹ́, ó kán epo sí i, pàbó ló já sí. Ìgbà tó máa fi mọ̀ pé bọ́bìn tí ọmọ iṣẹ́ rà wálé lọ́sàn-án ni kò bá ẹ̀rọ náà mu, léèsì oníbàárà ti ya. Láti Ìkòtún dé Ẹgbẹ́dá àti Ìgàndò, àwọn télọ̀ tí irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ ti bá rí kò kéré.

Bí a ṣe ń rà á ló sábà máa ń fa wàhálà. Ọmọ iṣẹ́ á dé ṣọ́ọ̀bù, á ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní bọ́bìn." Bọ̀dá á ní, "Ti mẹ́ṣíìnì wo?" Ọmọ á ní, "Ti ọ̀gá mi ni, sà." Èyí tó bá sún mọ́ ọwọ́ Bọ̀dá náà ló máa mú fún un. Ó rí roboto, ó ní ihò láàárín, ó ti tán nìyẹn.

Ìbú bọ́bìn ló ń tan ojú jẹ. Àwọn mẹ́ta tó wọ́pọ̀ jù ló fẹ̀ tó nǹkan bí 20 sí 21 mìlímítà, nítorí náà tí ẹ bá tò wọ́n sórí tábìlì, tí ẹ sì ń wò wọ́n látòkè, ẹ ò ní mọ ìyàtọ̀. Gíga wọn ni kẹ́ ẹ wò. Èyí tí wọ́n ń pè ní Class 15 ga tó nǹkan bí 11.7 mìlímítà, ojú rẹ̀ méjèèjì sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Òun ni Butterfly olórí dúdú ń lò, torí pé bí wọ́n ṣe ṣe Singer 15 ni wọ́n ṣe Butterfly náà. Class 66 fi díẹ̀ kúrú sí ìyẹn, ó tó nǹkan bí 11, àmọ́ ojú tirẹ̀ yọ síta díẹ̀ bí ìdérí ìkòkò. Singer àtijọ́ bíi 66 àti 99 ló ń lò ó. Ti indọ́stríà tó ń ránṣọ tààrà, irú Juki àti Jack, kò ju nǹkan bíi 9 mìlímítà lọ ní gíga.

Rúlà ọmọ ilé ìwé tó láti fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ gbé bọ́bìn àtijọ́ àti tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí nǹkan tó tẹ́jú, kẹ́ ẹ wá gbé rúlà lé orí àwọn méjèèjì. Tí rúlà bá dagun sápá kan, ẹ má rà á.

Kí ni mìlímítà méjì lè ṣe? Ó lè ṣe púpọ̀ o. Bọ́bìn tó kúrú jù á máa mì nínú ilé rẹ̀, òwú á fà le níbì kan, á dẹ̀ níbòmíì. Èyí tó ga jù kò ní jẹ́ kí ilé bọ́bìn wọlé dáadáa. Tí èèyàn bá wá fi agbára tì í, abẹ́rẹ́ lè lọ gbá irin, kó kán, ìkọ́ tó ń gbé òwú nísàlẹ̀ náà sì lè bàjẹ́. Owó ìkọ́ yẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ owó bọ́bìn rárá.

(Ẹni tó bá ní kí ẹ ra bọ́bìn fún mẹ́ṣíìnì wífìn ń bá yín ṣeré ni. Wífìn kì í lo bọ́bìn.)

Tòkunbọ̀ ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún jù. Wọ́n lè tà á fún yín láìsí ìwé rẹ̀, nígbà míì láìsí ilé bọ́bìn pàápàá. Bernina àti Husqvarna Viking ní bọ́bìn tiwọn, ti Butterfly kò lè rọ́pò rẹ̀. Àwọn Singer aláfọwọ́yí ìgbà ìyá àgbà tilẹ̀ wà tí bọ́bìn wọn gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìṣáná. Tí kò bá sí bọ́bìn kankan nínú tòkunbọ̀ tí ẹ fẹ́ rà, ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá ẹ máa rí i rà, kẹ́ ẹ tó sanwó mẹ́ṣíìnì.

Ní ti ohun tí wọ́n fi ṣe é, irú èyí tó bá mẹ́ṣíìnì wá ni kẹ́ ẹ máa rà. Ọ̀pọ̀ Brother àti Janome ilé tí wọ́n ń ju bọ́bìn sí látòkè, oníke ni wọ́n ṣe é fún. Irin wúwo jù ú lọ, òwú kò sì ní fà bákan náà. Butterfly, irin ni tiẹ̀. Ti indọ́stríà lè jẹ́ irin tàbí alumíníọ̀mù. Mágínẹ́ẹ̀tì máa ń gbé irin, kì í gbé alumíníọ̀mù. Irin máa ń dípẹtà lásìkò òjò. Ẹ fi èékánná yí etí bọ́bìn ká, tó bá há yín lọ́wọ́, á há òwú náà.

Kẹ́ ẹ tó di ẹ̀bi ru bọ́bìn o, ẹ wo òwú òkè. Tí òwú bá ń dì jọ lábẹ́ aṣọ, òwú òkè tí wọn ò kì dáadáa ló sábà máa ń fà á. Ẹ gbé irin tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ sókè, kẹ́ ẹ tún òwú náà kì láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ gbá ìdọ̀tí aṣọ kúrò nísàlẹ̀ abẹ́rẹ́ pẹ̀lú. Tí ìyẹn ò bá yanjú ẹ̀, ẹ di òwú bọ́bìn mú, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ilé rẹ̀ rọ̀ dirodiro, kẹ́ ẹ wá jà á díẹ̀. Ó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, kó dúró. Tó bá já bọ́ wìì, ó ti dẹ̀ jù. Tí kò bá mira, ó ti le jù. Ṣúkúrù kékeré ara rẹ̀ ni kẹ́ ẹ yí, ìdá mẹ́rin ìyípo kan lẹ́ẹ̀kan, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ má yí òwú tuntun lé ti tẹ́lẹ̀ lórí, ẹ má sì yí i kún dé etí. Nígbà míì tí ẹ bá sì ń rán ọmọ iṣẹ́ lọ sọ́jà, ẹ fún un ní bọ́bìn àtijọ́ pẹ̀lú ilé rẹ̀ dání, kó dán tuntun wò nínú rẹ̀ níwájú ẹni tó ń tà á.